Ẹ Jẹ́ Ká Mọ̀: Òkú Nínú Ṣọ́ọ̀bù Oníṣẹ́ Ọwọ́

Irú ìwé ìtàn kan gbajúmọ̀ ní Amẹ́ríkà tí ọ̀ràn ìpànìyàn àti iṣẹ́ ọwọ́ jọ máa ń wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ń tú àṣírí níbẹ̀ kì í sábà jẹ́ ọlọ́pàá. Nínú Crewel World, tí Monica Ferris gbé jáde ní 1999, Betsy Devonshire tó wà nídìí ṣọ́ọ̀bù òwú àti abẹ́rẹ́ ló wá apànìyàn rí. Ẹ̀jẹ̀ kì í pọ̀ nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, ọkàn òǹkàwé sì máa ń balẹ̀.

Yorùbá náà ní ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tirẹ̀, ó sì dùn! Ọládẹ̀jọ Òkédìjí fi Lápàdé, ọlọ́pàá tẹ́lẹ̀ rí, hàn wá nínú Àjà Ló Lẹrù (1969) àti Àgbàlagbà Akàn (1971). Àmọ́ ìjà àti eré sísá ló pọ̀ níbẹ̀.

Irú ìtàn ti oníṣẹ́ ọwọ́ yẹn ló kù kí a kọ ní Yorùbá, Ṣómólú àti Bàrígà ní Èkó ló sì yẹ ẹ́, níbi tí iṣẹ́ ìtẹ̀wé ti gbilẹ̀. Ẹni tó ń gé bébà lójoojúmọ́ á dá èyí tí wọ́n fi kọ lẹ́tà ìhàlẹ̀ mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó ń po yíǹkì á rí àwọ̀ tó kù léèékánná ẹni tó ní òun ò dé ilé ìtẹ̀wé rí. Irú ìmọ̀ yìí gan-an ni adùn irú ìwé bẹ́ẹ̀.