Dáàmù Bọ́ Sọ́wọ́ Onílẹ̀

Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, dáàmù Kerr tó wà nítòsí ìlú Polson, ní ìpínlẹ̀ Montana lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ni ilẹ̀. Àwọn ẹ̀yà Salish, Kootenai àti Pend d'Oreille ni onílẹ̀. Àdéhùn tí wọ́n bá ìjọba Amẹ́ríkà ṣe ní 1855 fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ Montana Power ló sé odò Flathead. Ó parí iṣẹ́ ní 1938, ó fi orúkọ ọ̀gá rẹ̀, Frank Kerr, sọ dáàmù, ó ń ta iná, ó sì ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún onílẹ̀.

Ìwé àṣẹ àádọ́ta ọdún tó fi ń ṣiṣẹ́ tán ní 1980. Iléeṣẹ́ fẹ́ gba òmíràn. Àwọn ẹ̀yà náà ní àwọn lè darí dáàmù. Ọ̀rọ̀ di fàá-kája títí di 1985, kí wọ́n tó gbà pé ìwé àṣẹ tuntun á jẹ́ ti tọ̀tún-tòsì. Iléeṣẹ́ á darí dáàmù fún 30 ọdún, á máa san mílíọ̀nù 9 dọ́là lọ́dún, iye náà á sì máa gòkè bí ọjà bá ṣe ń wọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn, onílẹ̀ lè rà á.

Èló?

PPL Montana, tó ra dáàmù náà ní 1999, ń bèèrè nǹkan bí mílíọ̀nù 50 dọ́là. Àwọn ẹ̀yà ní kò ju mílíọ̀nù 14.7 lọ. Iye tí wọ́n fi kọ́ ọ, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ ti ogbó kúrò, ló yẹ kí wọ́n san, kì í ṣe iye tí ọjà bá pè é. Owó tí iléeṣẹ́ ná láti fi tún ibùgbé ẹja àti ẹranko ṣe ló wá dá ìjà sílẹ̀: ṣé ara dáàmù ni, àbí òun lọ́tọ̀? Ní 2014, àwọn onílàjà fi í sí mílíọ̀nù 18.3. Ẹ fi wé ìṣákọ́lẹ̀ 1985: bí owó ọdún méjì péré ni!

Ìjọba káúńtì Lake ń kọminú, torí owó orí dáàmù náà ń gbọ́ bùkátà ilé-ẹ̀kọ́, ìjọba àwọn ẹ̀yà kì í sì í san irú rẹ̀. Sẹ́nétọ̀ ìpínlẹ̀ kan tilẹ̀ gba ilé-ẹjọ́ lọ, ó ní orílẹ̀-èdè Tọ́kì lè tibẹ̀ rí èròjà núkílíà. Adájọ́ kò dá ìfàléwọ́lọ́wọ́ náà dúró. Wọ́n yí orúkọ dáàmù padà sí Seli'š Ksanka Qlispe', iléeṣẹ́ Energy Keepers tó jẹ́ ti àwọn ẹ̀yà sì ń darí rẹ̀.

Dáàmù yìí ló ń pinnu bí adágún Flathead ṣe ń ga tó, ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 10 òkè rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn 2023, adágún náà fà, ọkọ̀ ojú omi àwọn ará etídò sì gúnlẹ̀ sórí ẹrọ̀fọ̀. Ọ̀pọ̀ bínú sí Energy Keepers, ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ rẹ̀ pọn ọ́n ní dandan pé kó máa tú omi sílẹ̀ fún ẹja nísàlẹ̀ odò. Àwọn olóṣèlú wá ní kí wọ́n fi omi Hungry Horse, dáàmù mìíràn tó wà lókè odò, kún un. Ìjọba àpapọ̀ ló ni ìyẹn, kò sì gbà.