Hard Disk Kan Ń Kú Lọ Nínú NAS Mi

Tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn ohùn mi, ẹ má bínú. Ìgbẹsà la wà, iná sì ti lọ láti àárọ̀.

Àpótí kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ router nílé mi, NAS ni wọ́n ń pè é. Hard disk méjì ló wà nínú rẹ̀, 4TB ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo fóònù ilé wa ló ń kó fọ́tò àti fídíò síbẹ̀ lórí Wi-Fi, kò sì ná wa ní dátà. Ohun tó bá kọ sórí ọ̀kan, á kọ ọ́ sórí ìkejì. RAID 1 nìyẹn. Tí ọ̀kan bá kú, ìkejì ṣì wà.

Lóṣù tó kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké "píì, píì" lóru. Mo ṣí app rẹ̀, mo wo SMART, ìyẹn àkọsílẹ̀ ìlera tí disk ń kọ nípa ara rẹ̀. Reallocated sectors, tó yẹ kó jẹ́ òdo, ti di 312. Ó túmọ̀ sí pé ojú ibi tí disk ń kọ nǹkan sí ti ń bàjẹ́, ó wá ń kó ẹrù lọ sí àyè tí wọ́n fi pa mọ́ fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Àyè yẹn ò sì pọ̀.

Mo fẹ́ fà á yọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Màmá àgbà ló dá mi dúró. Fídíò tí mo fi fóònù ya lọ́dún 2019, níbi tí wọ́n ti ń ki oríkì ilé wa, kò sí níbòmíràn, màmá náà ò sì sí mọ́. Ẹ rò ó wò: ọjọ́ kan náà la ra disk méjèèjì, iná tó ń lọ tó ń bọ̀ tó jẹ ọ̀kan níyà ló jẹ ìkejì náà níyà. Tí mo bá ti tuntun bọ̀ ọ́, èyí tó ṣẹ́kù gbọ́dọ̀ ka gbogbo ara rẹ̀ látòkè délẹ̀ kí tuntun tó kún. Tó bá ṣubú lójú ọ̀nà ńkọ́? Mo kọ́kọ́ da gbogbo ẹ̀ kọ sórí external disk kan, mo tún fi ti màmá sórí Google Drive. RAID kì í ṣe backup o. Tẹ́ ẹ bá ṣèèṣì pa fáìlì rẹ́ lórí ọ̀kan, ó ti pa rẹ́ lórí ìkejì nìyẹn.

Mo wá gba Lusada, Atan, Sango, ó di Computer Village n'Íkẹjà.

"Ẹ̀gbọ́n, tuntun ni, ẹ wo ọ̀rá lára ẹ̀."

"Àbúrò, bá mi fi sórí laptop ná."

Power-On Hours rẹ̀ ju 21,000 lọ. Ìyẹn ju ọdún méjì lọ láìsinmi! Tòkunbọ̀ tí wọ́n wọ aṣọ fún. Èyí ò tiẹ̀ yani lẹ́nu: níbẹ̀rẹ̀ 2025, àṣírí tú ní Jámánì pé àwọn kan ń ta disk Seagate àlòkù bíi tuntun, wọ́n sì ti nu SMART wọn padà sí òdo. Àkọsílẹ̀ mìíràn tó ń jẹ́ FARM ló tú wọn fó. Ṣọ́ọ̀bù kẹta ni mo ti rí tèmi rà.

Nílé, mo pa NAS, mo fi serial number tó wà lórí app wé èyí tó wà lára disk, torí èèyàn lè fa èyí tó dáa yọ o. Mo ti tuntun bọ̀ ọ́, mo tan án, mo tẹ Repair. Tó bá ń kọ 150MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 4TB á gbà ju wákàtí méje lọ. Tèmi gba mọ́kànlá, torí àwọn ọmọ ò yé wo fíìmù lórí ẹ̀. Iná lọ lẹ́ẹ̀mejì, inverter gbé e. Láago mẹ́fà ìdájí, iná ara rẹ̀ di àwọ̀ ewé. Mo tẹ fídíò màmá, ó ṣí.

Disk tó bàjẹ́ ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Ẹnì kan tó ń ra àlòkù ti béèrè ẹ̀, mi ò tà á, fọ́tò wa ṣì wà níbẹ̀. Tí mo bá ti rí ẹni yá mi ní drill, màá lu ú.