Ẹyẹ Wíwò Létí Àkùrọ̀

Bí a bá sọ pé àwọn àgbàlagbà kan kó ara wọn jọ, tí wọ́n jí ní ìdájí, tí wọ́n sì lọ dúró létí àbàtà láti máa wo ẹyẹ, ọ̀pọ̀ ni yóò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Iṣẹ́ wo ló wà nínú ẹyẹ wíwò fún ẹni tí kì í ṣe ọdẹ? Iṣẹ́ ńlá ni. Láti 1967 ni wọ́n ti ń ka àwọn ẹyẹ omi ní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdọọdún ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, nítorí pé irú ẹyẹ tó bà sí ibi omi kan, àti iye wọn, ń sọ bí ara omi náà ṣe le tó.

Kí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan gba etí àkùrọ̀ lọ ní agbègbè Ìsundunrin, nítòsí Èjìgbò, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Aṣọ tí kò tàn ni wọn yóò wọ̀. Wọn kò ní pariwo. Ìwé kékeré àti awò olójú méjì tí ń fa ohun ọ̀nà jíjìn súnmọ́ni ni ẹrù wọn. Ẹyẹ funfun ni ó ṣeé ṣe kí wọ́n kọ́kọ́ rí, gbogbo ẹnu ni yóò sì pè é ní lékeléke. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Lékeléke tí àwọn ọmọdé ń na ọwọ́ sí láti tọrọ èékánná funfun, tí àwọn àgbà sì fi ẹfun ṣe tirẹ̀ bí wọ́n ti fi aró fún agbe, tí wọ́n fi osùn fún àlùkò, ẹyẹ ẹ̀yìn màlúù ni. Ọrùn rẹ̀ kò gùn púpọ̀, àgógó rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, tata tí ẹsẹ̀ màlúù ń lé sókè ni oúnjẹ rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó ń pọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Bí òjò bá fìdí múlẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn á padà sí Òkè Ọya láti lọ yé ẹyin. (Ará Èjìgbò tí ń ti Àbíjàn bọ̀ wálé ọdún mọ irú ìrìn bẹ́ẹ̀ dáadáa.) Òkun pàápàá kò dá a dúró: ní nǹkan bí 1880 ni wọ́n kọ́kọ́ kófìrí rẹ̀ ní Gúúsù Amẹ́ríkà.

Èyí tó dá dúró nínú omi ńkọ́? Àgógó tirẹ̀ dúdú, ó sì tín-ín-rín. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúdú, ìka ẹsẹ̀ nìkan ló pọ́n. Ẹja wẹ́wẹ́ àti kọ̀ǹkọ̀ ló ń ṣọ́. Òmíràn tún wà tó ga jù ú lọ, tí ọrùn rẹ̀ gùn gbọọrọ. Síbẹ̀, orúkọ kan náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe gbogbo wọn.

Ewu wà nínú orúkọ kan yìí. Bí wọ́n bá la kòtò fa omi àkùrọ̀ gbẹ, tàbí tí wọ́n fi yanrìn dí i láti kọ́lé, ẹlẹ́sẹ̀ dúdú yóò lọ. Ṣùgbọ́n ti ẹ̀yìn màlúù yóò ṣì máa bà sórí pápá. Ará ìlú yóò rí funfun, wọn yóò sì ní kò sí ohun tó kúrò.

Ní 1971, ní ìlú Ramsar ní orílẹ̀-èdè Ìránì, wọ́n ṣe àdéhùn láti dáàbò bo àwọn ilẹ̀ olómi àgbáyé. Adágún Nguru ni Nàìjíríà kọ́kọ́ fi sábẹ́ rẹ̀ ní 2000; nígbà tó fi di 2008, wọ́n ti pé 11. Kò sí àkùrọ̀ Èjìgbò kankan nínú wọn. Ìdí nìyí tí akẹ́kọ̀ọ́ kò fi gbọdọ̀ kọ "lékeléke mẹ́wàá" sínú ìwé rẹ̀ kí ó sì máa lọ sílé. Mélòó ló wà lẹ́yìn màlúù? Mélòó ló wà nínú omi? Àgógó wo, ẹsẹ̀ wo, ní agogo mélòó?