Teslim Balógun: Agbábọ́ọ̀lù Tí Ó Di Olùkọ́

Bí a bá gba ọ̀nà Ìjerò lọ sí Aramọkọ, tí a sì tẹ̀síwájú dé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ní ìrọ̀lẹ́, a ó rí àwọn ọ̀dọ́ tí ń gbá bọ́ọ̀lù lórí pápá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ń lálàá pé eré yìí ni àwọn yóò fi ṣe iṣẹ́ òòjọ́. Àlá náà kò burú. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí olúkúlùkù wọn bi ara rẹ̀: nígbà tí ẹsẹ̀ kò bá lè sáré mọ́, kí ni yóò kù lọ́wọ́ agbábọ́ọ̀lù?

Ìlú Ẹ̀fọ̀n lókìkí nínú iṣẹ́ igi gbígbẹ́. Àgbọ́nbíòfé, ọmọ ìdílé Adéṣínà, tí ó di olóògbé ní ọdún 1945, ni ó gbẹ́ àwọn òpó aláràbarà sí ààfin Aláayè. Irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ a máa ní ọmọ-iṣẹ́, nítorí pé iṣẹ́ tí a kò bá fi kọ́ni yóò bá ẹni tí ó mọ̀ ọ́n wọ ilẹ̀ lọ. Agbẹ́gilére lè di arúgbó nídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ti agbábọ́ọ̀lù kò rí bẹ́ẹ̀: kí ó tó pé ogójì ọdún, agbára rẹ̀ a ti máa dínkù. Nítorí náà, ìkọ́ni kan òun ju agbẹ́gilére lọ.

Ẹ jẹ́ kí á wo ìgbésí ayé Teslim Balógun, tí àwọn ènìyàn ń pè ní Thunder, èyí tí í ṣe Àrá, nítorí agbára tí ó fi ń gbá bọ́ọ̀lù. Ó wà lára àwọn agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà tí ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1949. Ẹsẹ̀ lásán ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, síbẹ̀ wọ́n fi góòlù márùn-ún sí méjì borí ẹgbẹ́ Marine nítòsí Liverpool. Jack Finch, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni olùkọ́ wọn nígbà náà.

Ní ọdún 1955, Balógun padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti fi bọ́ọ̀lù ṣe iṣẹ́ òòjọ́. Ó kọ́kọ́ bá ẹgbẹ́ Peterborough United ṣe. Ní ọdún 1956, ó wọ ẹgbẹ́ Queens Park Rangers ní Lọ́ńdọ̀n, ó sì gbá ìdíje líìgì mẹ́tàlá fún wọn, ó jẹ góòlù mẹ́ta. Ẹni tí ó bá ń fi iye góòlù nìkan díwọ̀n ènìyàn lè sọ pé èyí kéré. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ni ìtàn rẹ̀ parí sí. Ó kọ́ṣẹ́ olùkọ́ eré bọ́ọ̀lù, èyí tí a ń pè ní akọ́nimọ̀ọ́gbá, a sì máa ń kà á sí ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó gba ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ náà.

Èé ṣe tí ẹni tí ó ti mọ bọ́ọ̀lù gbá tó bẹ́ẹ̀ fi ní láti tún lọ kẹ́kọ̀ọ́? Ìdí ni pé mímọ̀ ọ́n ṣe yàtọ̀ sí mímọ̀ ọ́n kọ́ni. Ẹni tí a bí ẹ̀bùn mọ́ lè má lè sọ bí òun ti ń ṣe é. Bí ọmọ kan bá gbá bọ́ọ̀lù tí ó fò kọjá lórí òpó, òǹwòran yóò pariwo lé e lórí. Ṣùgbọ́n olùkọ́ yóò wò ó pé ọmọ náà fi ara sẹ́yìn jù, àti pé ẹsẹ̀ tí ó fi dúró jìnnà sí bọ́ọ̀lù. Yóò tún un ṣe díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi mọ́ ọmọ náà lára. Ó sì gbọ́dọ̀ mọ ìwà olúkúlùkù: ẹni tí ìbáwí ń mú gírí, àti ẹni tí ìyìn ń mú lọ́kàn le.

Ní ọdún 1968, nígbà tí ogun abẹ́lé ń jà ní Nàìjíríà, Balógun wà lára àwọn tí ó kọ́ ẹgbẹ́ wa fún ìdíje Òlíḿpíìkì ní Mẹ́síkò. Jàpáànù borí wa, Sípéènì náà borí wa. Ṣùgbọ́n àwa àti Bùràsíìlì jọ gbá ọ̀mì, góòlù mẹ́ta sí mẹ́ta.

Balógun kú lójú oorun ní ọjọ́ 30, oṣù Keje, ọdún 1972. Pápá ìṣeré tí a fi sọrí rẹ̀ ní Súrùlérè, tí a ṣí ní ọdún 2007, gba ènìyàn tí ó lé ní 24,000. Àwọn ọmọ Nàìjíríà mìíràn sì ti tọ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Stephen Keshi ni balógun ẹgbẹ́ tí ó gba ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà ní ọdún 1994. Òun kan náà ni olùkọ́ ẹgbẹ́ tí ó tún gbà á ní ọdún 2013.

Àwọn àgbà ní, bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Kí ọ̀dọ́ tí ó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù gbá a tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n kí ó má fi ìwé sílẹ̀, kí ó sì máa bi ara rẹ̀ pé báwo ni òun ti ń ṣe ohun tí òun ń ṣe. Ẹsẹ̀ yóò rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ìmọ̀ tí a bá fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ ni yóò máa sáré lọ.