Ìsọ̀ Alápatà Tó Di Gbọ̀ngàn Ìlú: Ọjọ́ Kan Láàárín Àwọn Ayanran Lockhart

Ní ọdún 1999, ìjà ọmọ ìyá lórí owó ilé mú iná jáde sójú títì ní ìlú Lockhart, ìpínlẹ̀ Texas. Edgar Schmidt, tí gbogbo ìlú ń pè ní Smitty, ti ra ilé ẹran yíyan Kreuz Market láti 1948. Nígbà tó kú ní 1990, òwò náà ti wà lọ́wọ́ àwọn ọmọkùnrin rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n ti ń ṣe é di ogún ọmọbìnrin rẹ̀, Nina Sells. Ọ̀rọ̀ owó ilé kò wọ̀. Rick Schmidt, ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin náà, kó orúkọ òwò náà, ó kọ́ ilé gbàràmù-gbaramu sí apá ibòmíràn nínú ìlú. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń kó lọ, wọ́n kó ẹyín iná láti inú ààrò àtijọ́ sínú ọpọ́n irin, wọ́n sì wọ́ ọ gba ojú títì dé ìdí ààrò tuntun, kí iná ìdílé má baà kú. Nina náà kò ti ilẹ̀kùn. Ó ṣí ìsọ̀ tirẹ̀ sínú ilé àtijọ́, ó fi ìnagijẹ bàbá wọn sọ ọ́ ní Smitty's Market. Ìjà yìí ò pa ẹnikẹ́ni lára. Dípò ìsọ̀ kan, ìlú jèrè méjì.

Lockhart ò tóbi. Nígbà ìkànìyàn 2020, iye ènìyàn ibẹ̀ lé díẹ̀ ní 14,000. Ó wà ní ìhà gúúsù Austin, olú-ìlú Texas, kò sì tó wákàtí kan lọ́kọ̀. Lọ́dún kan náà tí iná gba ojú títì yẹn ni ilé aṣòfin Texas fọwọ́ sí i pé Lockhart ni olú-ìlú bábìkíù ìpínlẹ̀ náà. Láti ìgbà náà ni àwọn arìnrìn-àjò ti sọ ọ́ di àṣà láti wá lo ọjọ́ kan níbẹ̀, kí wọ́n máa ti ìsọ̀ kan bọ́ sí òmíràn, kí wọ́n máa tọ́ ẹran wò. Kreuz wà níbẹ̀ láti 1900, Black's láti 1932, Chisholm Trail láti 1978. Ti Smitty's la ti sọ.

Ẹni tó bá wọ ìsọ̀ wọ̀nyí pẹ̀lú èrò pé ilé oúnjẹ lòun wá, nǹkan á rú u lójú. Kò sí agbáwo tí yóò wá bi yín pé kí lẹ fẹ́ jẹ. Ẹ ó tò sórí ìlà, ẹ ó dé iwájú ẹni tó mú ọ̀bẹ dání, ẹ ó sọ iye tí ẹ fẹ́, yóò gé e, yóò gbé e sórí òṣùwọ̀n, bébà ni yóò sì fi dì í fún yín. Pọ́n-ùn ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, pọ́n-ùn kan ò sì tó ìdajì kílò. Ìsọ̀ alápatà ni ibẹ̀ ní ìpìlẹ̀, ìwà alápatà ò sì tíì kúrò lára rẹ̀.

Àwọn ará Jámánì àti Czech tó ṣí wá sí àárín gbùngbùn Texas ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ló mú iṣẹ́ alápatà àti ọgbọ́n sọ́séèjì wá. Kò sí fìríìjì nígbà yẹn. Alápatà tó bá pa màlúù gbọ́dọ̀ tà á tán kó tó bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ibi tó rọ̀ lára ẹran kì í pẹ́ tà. Èyí tó yi, bí igẹ̀ àti èjìká, ló máa ń kù sílẹ̀. Alápatà a gbé e lọ sí ẹ̀yìn ìsọ̀, a yan án títí tí yóò fi rọ̀. Ègé wẹẹrẹ tó kù, a lọ̀ ọ́, a rọ ọ́ sínú ìfun, a so ó bí òrùka, a gbé òun náà sójú èéfín. Ẹran tí ì bá di àdánù ló wá ń pe èrò. Èmi ò mọ òwò mìíràn tí àjẹkù rẹ̀ borí ojúlówó ọjà báyìí.

Àwọn lébìrà tó ń kórè òwú wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé òwò náà dúró. Aláwọ̀ dúdú àti ará Mexico pọ̀ nínú wọn, àsìkò náà sì jẹ́ ti òfin ìyapa, tí ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ kì í jẹ́ kí irú wọn fìdí kalẹ̀. Ìsọ̀ alápatà ò ní àga tí wọ́n ó fi dù wọ́n. Ẹni tó bá lówó lọ́wọ́ á ra ẹran, á mú bisikíìtì oníyọ̀ àti àlùbọ́sà láti orí pẹpẹ, á lọ jẹ ẹ́ ní ìdúró. Nígbà tí wọ́n wá gbé tábìlì síbẹ̀, ẹ̀wọ̀n ni wọ́n fi de ọ̀bẹ mọ́ ọn kí ẹnikẹ́ni má baà gbé e lọ. Nítorí náà, nígbà tí Kreuz fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ̀ láti fún oníbàárà ní fọ́ọ̀kì àti sọ́ọ̀sì, kì í ṣe ìgbéraga. Alápatà kì í ta fọ́ọ̀kì.

Ẹni tí ìsọ̀ dúró lé lórí ni ọ̀gá ìdí ààrò. Igi óòkù tó ti gbẹ dáadáa ló fi ń dáná, iyọ̀ àti ata dúdú ni pàtàkì ohun tó ń fi pa ẹran, ìyókù dọwọ́ iná. Ààrò náà jẹ́ ti bíríkì, ó gùn, ìdérí irin sì wà lórí rẹ̀. Apá kan ni iná wà, símínì wà ní apá kejì. Símínì yìí ló ń fa ooru àti èéfín gba orí ẹran kọjá. Ní Smitty's, iná ń jó nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí oníbàárà ń tò sí, ooru á máa nà yín lẹ́sẹ̀ kí ẹ tó ra nǹkan kan. Ògiri ibẹ̀ ti dúdú kirikiri. Ọ̀gá ìdí ààrò kì í fi aago ṣe ìdájọ́ igẹ̀. Yóò fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, yóò gbé e sókè wò bóyá ó ti ń tẹ̀. Ẹran líle inú igẹ̀ ní iṣan tó máa ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ bí ooru bá bá a pẹ́. Ẹni tó bá kánjú yọ ọ́, bàtà ló yọ.

Ìtàn tí wọ́n ń sọ ní Texas sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lórí àwọn ará Jámánì, kò sì pé bẹ́ẹ̀. Jákèjádò gúúsù Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú ló ń gbẹ́ kòtò, tí wọ́n ń dá iná, tí wọ́n ń yí ẹran nídìí àsè olówó, kí ẹnikẹ́ni tó fi orúkọ rẹ̀ kọ́ ìsọ̀. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹfà ọdún 1865, wọ́n kéde òmìnira àwọn ẹrú Texas ní Galveston. Àjọ̀dún ọjọ́ náà, Juneteenth, tó di ìsinmi ìjọba àpapọ̀ ní 2021, kò ṣeé ṣe láìsí ẹran yíyan. Orúkọ àwọn tó mọ iná yìí ṣáájú ò sí lára pátákó kankan, mo sì rò pé ó yẹ kí àlejò rántí wọn.

Bí ẹ bá fẹ́ lo ọjọ́ kan níbẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti gbàgede ilé ẹjọ́, ilé aláago tí wọ́n kọ́ ní 1894. Smitty's ò jìnnà síbẹ̀. Ẹ ra sọ́séèjì kan péré. Ẹ rọra gé e jẹ, torí ọ̀rá gbígbóná inú rẹ̀ máa ń ta sáṣọ. Black's náà wà nítòsí. Níbẹ̀, wọ́n ń ta egungun ìhà màlúù tí ọ̀kan rẹ̀ lè yó ènìyàn méjì, wọ́n sì ń fúnni ní sọ́ọ̀sì láìjiyàn. Ìdílé yìí náà ti ní ìjà tirẹ̀: ní 2014, àwọn ọmọ-ọmọ ṣí Terry Black's sí Austin. Chisholm Trail ni àwọn ará ìlú gan-an ń lọ nígbà tí wọn ò bá ní àlejò láti fi yangàn. Kreuz ni kí ẹ fi parí rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ní àyè láti jókòó kí ikùn sinmi. Láàárín ìsọ̀ méjì, ẹ yà sí ilé ìkàwé Eugene Clark, tó ń ṣiṣẹ́ láti nǹkan bí 1900. Ẹnu tó ti mọ́ asun Oǹdó lè kọ́kọ́ máa wá ata kiri. Ẹ ṣe sùúrù, èéfín ni adùn ibẹ̀.

Iṣẹ́ ìdí ààrò kì í ṣe ti ọkùnrin nìkan. Ní Lexington, ìlú kékeré mìíràn ní Texas, Mama Tootsie Tomanetz, tí wọ́n bí ní 1935, ti wà nídìí iṣẹ́ náà láti 1966. Ọjọ́ Sátidé nìkan ni Snow's BBQ, níbi tó ti ń yan ẹran, máa ń ṣí, òru ni màmá sì ti ń débẹ̀. Ní 2008, ìwé ìròyìn Texas Monthly pe Snow's ní ilé bábìkíù tó dára jù ní ìpínlẹ̀ náà, èrò bá dà sí Lexington. Síbẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀, màmá ṣì ń tọ́jú ilé ìwé nígbà náà. Ìwé ìròyìn yìí lágbára ju bí ẹ ti rò lọ: ní 2013, ó gba olóòtú kan síṣẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju bábìkíù lọ. Nígbà tí ìwé atọ́nà ilé oúnjẹ Michelin wá fún ilé ẹran yíyan mẹ́rin ní Texas ní ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní 2024, kò sí ọ̀kankan láti Lockhart nínú wọn.

N kò rí i pé ìyẹn dín ẹ̀yẹ Lockhart kù. Ilé tó gba ìràwọ̀ lè mọ ẹran yan jù wọ́n lọ. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí àlejò ti lè fi ẹsẹ̀ rìn láàárín ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún iṣẹ́ kan kò pọ̀ ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀yin èèyàn wa tó wà ní Houston, ọ̀nà náà ò ju bíi wákàtí méjì àbọ̀ lọ. Ẹ lọ ní àárọ̀, nítorí bí ẹran ọjọ́ náà bá tán, wọn kì í yan òmíràn, ẹ má sì ra ju ìdajì pọ́n-ùn lọ ní ìsọ̀ àkọ́kọ́.