Ọmọrogùn àti Ẹ̀gúsí

Nígbà tí àbúrò mi obìnrin yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn nílé wa ní Àgbowó nílùú Ìbàdàn, tí ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì kán, kò sí ẹni tó ní kó jókòó kó fọwọ́ lẹ́rán títí eegun yóò fi jọ. Kò sì sí ẹni tó ní kó máa ro àmàlà. Ìyá àgbà ló gba ọmọrogùn lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gbé ẹ̀wà síwájú rẹ̀ pé kó máa fi ọwọ́ òsì ṣà á. Nígbà tí wọ́n gé POP kúrò, ẹ̀gúsí ni wọ́n gbé fún un. Ọwọ́ ọ̀tún ló wá fi ń bó o, bí mẹ́wàá mẹ́wàá, kó tó sinmi. Ìka rẹ̀ a máa gbọ̀n. Ìyá àgbà kì í wo ẹ̀gúsí yẹn rárá, ìka ni wọ́n ń wò.

Ẹni tó bá ti dé ilé teguntegun mọ irú ìṣọ́ yìí. Àwọn mìíràn nínú wọn a máa dá adìyẹ lẹ́sẹ̀, wọn a sì máa tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú aláìsàn. Ọjọ́ tí adìyẹ bá fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ ni wọ́n á ní kí aláìsàn náà gbìyànjú. Mi ò ní kí ẹ gbé eegun tó fọ́ lọ síbẹ̀ o. Ìdì tó le jù ti ba ẹsẹ̀ ẹlòmíràn jẹ́ pátápátá. Ojú tí wọ́n fi ń ṣọ́ àkókò ni mò ń wí.

Irú ìyá àgbà bẹ́ẹ̀ ni kò sí níbi iṣẹ́ wa. Ọmọ àdúgbò wa kan ń já àpò ìyẹ̀fun ní ilé-iṣẹ́ kan lápá Challenge, ẹ̀yìn rẹ̀ sì dì. Ọ̀gá rẹ̀ kì í ṣe ìkà: ó sanwó oògùn, ó ní kó lọ sinmi títí ara rẹ̀ yóò fi dá ṣáṣá. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹnikẹ́ni kò pè é mọ́. Nígbà tó fi máa padà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹlòmíràn ti wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ó ṣeé ṣe fún un láti máa ka àpò tó ń wọlé, kó máa kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ̀yìn rẹ̀ tó san tán. Kò sẹ́ni tó rò ó.

Òfin kò gbàgbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Òfin owó ìrànwọ́ fún òṣìṣẹ́ tó fara pa, èyí tí Nàìjíríà ṣe ní 2010, ní kí agbanisíṣẹ́ máa dá náírà 1 nínú gbogbo náírà 100 owó oṣù sí àpò àjọ NSITF. Ẹni tó bá fara pa gbọ́dọ̀ fi tó agbanisíṣẹ́ létí láàárín ọjọ́ 14. Ọjọ́ 7 ni agbanisíṣẹ́ ní láti fi tó àjọ náà létí. Òfin náà mẹ́nu ba ríran ẹni tó fara pa lọ́wọ́ kó lè padà sẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n owó kò lè jókòó kó máa wo ìka tó ń gbọ̀n.

Ní Kánádà, wọ́n ń kọ́ èèyàn ní iṣẹ́ yẹn gan-an. Wolfgang Zimmermann jẹ́ òṣìṣẹ́ igbó tó fara pa gidigidi lẹ́nu iṣẹ́ ní 1977. Òun ló wá ṣáájú ilé ẹ̀kọ́ kan tó ń jẹ́ NIDMAR, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1994, níbi tí àwọn agbanisíṣẹ́ àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ti jọ ń ṣe ìgbìmọ̀. Ẹni tí wọ́n bá kọ́ níbẹ̀ á di alábòójútó ìpadàsẹ́nu iṣẹ́. Ní Jámánì, láti 2004 ni òfin ti ní kí agbanisíṣẹ́ pe ẹni tí àìsàn bá dá dúró ju ọ̀sẹ̀ 6 lọ láàárín oṣù 12, kí wọ́n jọ wá ọ̀nà tí yóò fi lè padà.

Kí ni alábòójútó náà ń ṣe? Á mú òṣùwọ̀n lọ síbi iṣẹ́: báwo ni àpò ṣe wúwo tó, ẹ̀ẹ̀melòó lèèyàn ń bẹ̀rẹ̀ ní wákàtí kan? Á kọ ọ́ fún dókítà tí kò dé ibẹ̀ rí, kí dókítà má kàn kọ “iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́”, kó kọ iye kílò tí ọwọ́ náà lè gbé. Á tètè pe aláìsàn láti béèrè àlàáfíà rẹ̀, kò ní jẹ́ kí ìpè àkọ́kọ́ jẹ́ “ìgbà wo lò ń bọ̀?” Fóòmàn yóò gbọ́ ohun tí òṣìṣẹ́ náà lè ṣe, orúkọ àìsàn rẹ̀ kò kàn án. Èyí tó ṣòro jù ni láti bá àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ sọ̀rọ̀, kí wọ́n má baà máa pòṣé pé ọ̀lẹ ni.

Ìbàdàn kò ní láti lọ jìnnà kó tó rí olùkọ́. Láti 1966 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ àwọn onífísíò, àwọn tó mọ bí oríkèé ṣe ń padà bọ̀ sípò. Kí wọ́n pe fóòmàn ibi ìlàgi ní Bódìjà, kí wọ́n pe obìnrin tó ń kọ ìwé owó oṣù nínú ọ́fíìsì ní Dùgbẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ti mọ iṣẹ́, wọ́n sì mọ òṣìṣẹ́. Ó kù kí ẹnìkan kọ́ wọn ní ohun tí wọ́n máa wò.

Lọ́jọ́ tí ìyá àgbà dá ọmọrogùn padà fún àbúrò mi, àmàlà ẹni méjì péré ni wọ́n ní kó rò. Wọ́n dúró tì í nídìí ààrò, wọ́n na ọwọ́ sí ìkòkò bí ẹni fẹ́ dì í mú, wọn kò sì fọwọ́ kàn án.