Aláboyún ẹlẹ́jẹ̀ SS: ẹ má gbé e wọ mọ́tò òru lọ sílé

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ nínú ìdílé kan láàrin wa. Ìyàwó ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́kùnrin wa lóyún, oyún náà ti wọ oṣù kẹfà. Ẹlẹ́jẹ̀ SS ni ọmọbìnrin yìí, àìsàn tí àwọn àgbà wa ń pè ní fòní-kú-fọ̀la-dìde. Ìyá ọkọ rẹ̀ ránṣẹ́ láti Ògbómọ̀ṣọ́ pé kí wọ́n gbé e wá sílé kó wá bímọ lọ́wọ́ òun. Ọkọ ní kò síbi tó ń lọ. Àwọn kan nínú ẹbí ìyàwó sì ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé wọn ì bá ti yọ oyún náà látìbẹ̀rẹ̀ kó má baà gbẹ̀mí ọmọ àwọn. Ni wọ́n bá kó ẹjọ́ wá sílé mi. Tọkọtaya náà ló ní kí n kọ ọ́ síbí kí ẹlòmíràn lè gbọ́n, ṣùgbọ́n mi ò ní dárúkọ wọn.

Ìwé mẹ́wàá ni mo kà, mi ò kì í ṣe dókítà. Ohun tí mo fẹ́ sọ, ẹnu àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì ni mo ti gbọ́ ọ, mo sì bi wọ́n léèrè títí ó fi yé mi.

Ẹ̀jẹ̀ tó wà lára wa ní àwọn hóró pupa róbótó tó ń gbé atẹ́gùn kiri ara. Lára ẹlẹ́jẹ̀ SS, hóró wọ̀nyí máa ń tẹ̀ kọrọdọ bíi dòjé tí a fi ń gé koríko, pàápàá bí òtútù bá mú un, bí òùngbẹ bá gbẹ ẹ́, bí ibà bá dá a tàbí bó bá ṣe iṣẹ́ àṣekúdórógbó. Bí wọ́n bá ti tẹ̀, wọn á há sínú iṣan kéékèèké, ìrora á sì bẹ̀rẹ̀ nínú egungun. Hóró tèmi tìrẹ ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́ kó tó kú. Tiwọn kì í sábà ju ọjọ́ mẹ́wàá sí ogún lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ wọn fi máa ń kéré nígbà gbogbo.

Nísinsìnyí, ẹ wá gbé oyún lé irú ara bẹ́ẹ̀. Ọmọ inú fẹ́ ẹ̀jẹ̀, ìyá fẹ́ ẹ̀jẹ̀. Ìrora a máa pọ̀ sí i, pàápàá bí oyún bá ti ń dàgbà. Ẹ̀jẹ̀ ríru aláboyún lè dé, àyà lè dédé máa dùn ún kí mímí sì nira, ọmọ lè kéré tàbí kó wá ṣáájú oṣù rẹ̀. Ìwádìí kan tó kó ọ̀pọ̀ ìwádìí pọ̀ ní 2015 fi hàn pé ewu ikú ìyá tó ní SS tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́fà ti obìnrin tí kò ní in. Mi ò sọ èyí láti dẹ́rù bani. Mo sọ ọ́ nítorí àwọn tó ń wí pé àdúrà àti àgbo nìkan ti tó. Ẹ gbàdúrà o, èmi náà ń gbà á, ṣùgbọ́n kí ẹsẹ̀ aláboyún wà lójú ọ̀nà ọsibítù.

Apá kejì ọ̀rọ̀ náà ni pé àwọn ẹlẹ́jẹ̀ SS ń bímọ. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń gbé ọmọ pọ̀n. Nítorí náà, ẹni tó ń sọ fún ọmọbìnrin pé oyún ni ikú rẹ̀ kò sọ òótọ́ délẹ̀. Ọsibítù ńlá ni kó ti forúkọ sílẹ̀ kí oyún tó dàgbà, níbi tí dókítà aláboyún àti dókítà ẹ̀jẹ̀ yóò ti jọ máa tọ́jú rẹ̀. Àwa tó wà ní Jos ní ọsibítù Yunifásítì, JUTH, nítòsí wa. Ẹ má ṣe gbé irú aláboyún yìí lọ sọ́dọ̀ agbẹ̀bí inú yàrá kan, bó ti wù kí ọwọ́ ìyá náà tutù tó.

Fólíìkì ásíìdì ni yóò máa lò lójoojúmọ́, èyí tó jẹ́ mílígíráàmù márùn-ún ni wọ́n sábà máa ń kọ fún wọn. Kó máa sùn nínú nẹ́ẹ̀tì, kó sì lo oògùn ibà tí dókítà bá yàn. Omi, omi, omi. Dókítà lè fún un ní asipírínì kékeré láti oṣù kẹta nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣùgbọ́n kó má dá a rà fúnra rẹ̀. Bí ara bá ń ro ó, kó má sáré lọ ra ibuprofen tàbí diclofenac ní kẹ́míìsì, nítorí wọ́n lè ṣe ọmọ inú àti kíndìnrín ìyá ní jàǹbá. Ẹni tó bá sì ń lo hydroxyurea, kó tó lóyún ni kó ti bá dókítà rẹ̀ sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un nítorí àwọn ìyá wa. Oògùn ẹ̀jẹ̀ onírin tí ẹ máa ń rà fún aláboyún, ẹ rọra. Ẹlẹ́jẹ̀ SS tí wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí lára rí lè ti ní irin púpọ̀ lára. Kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ná. Bákan náà, bí wọ́n bá ní PCV rẹ̀ jẹ́ 24, ẹ má figbe ta. Iye tó sábà máa ń wà fún un nígbà tí ara rẹ̀ le nìyẹn. Dókítà ló mọ ìgbà tó yẹ kó gba ẹ̀jẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ lílọ sílé. Mo mọ̀ pé àṣà wa ni pé kí ìyàwó lọ bímọ lọ́dọ̀ ìyá, pàápàá oyún àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n láti Jos dé Ògbómọ̀ṣọ́, ìrìn ọjọ́ kan gbáko ni. Aláboyún á jókòó gbagidi, kò ní mu omi tó nítorí kò fẹ́ máa dá mọ́tò dúró láti tọ̀, ẹsẹ̀ á wú, ẹ̀jẹ̀ sì lè dì nínú iṣan ẹsẹ̀. Bí ìrora bá sì bẹ̀rẹ̀ láàrin igbó lóru, ta ni yóò ké pè? Mo sọ fún ìyá náà lórí fóònù pé, "Ìyá wa, ẹ̀yin ni kí ẹ máa bọ̀ wá. Àyè wà." Ó kọ́kọ́ bínú díẹ̀, ó sì gbà nígbà tó yá.

Òótọ́ ni pé òtútù Jos kò ṣe é fojú tẹ́ńbẹ́lú. Lóṣù December àti January, nígbà tí ọyẹ́ bá dé, àwa tí ara wa le pàápàá ń gbọ̀n. Aṣọ òtútù, ìbọ̀sẹ̀ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún ìwẹ̀ di dandan, kì í ṣe fáàrí. Kò sì gbọdọ̀ jí lọ pọnmi ní kùtù hàì.

Ọkọ ńkọ́? Ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ ló máa sọ irú ọmọ tí wọn yóò bí. Bí ó bá jẹ́ AA, AS ni gbogbo ọmọ wọn. Bí ó bá jẹ́ AS, oyún kọ̀ọ̀kan lè jẹ́ SS tàbí AS, ìdajì sí ìdajì. Ẹ sì gbọ́ èyí dáadáa: tí AS bá fẹ́ AS, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ti SS nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ó ń bẹ̀rẹ̀ lọ́tun nígbà gbogbo. Ẹni tó bí SS ní àkọ́bí tó wá ń rò pé òun ti san gbèsè, kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣe àyẹ̀wò náà ní ibi méjì, nítorí àṣìṣe wà.

Àwọn tó jẹ́ SC náà, ẹ fetí sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ C yìí wà láàrin àwa Yorùbá. Ara SC lè le títí débi pé kò mọ̀ pé òun ní nǹkan kan, kí ìrora wá gbé e ṣánlẹ̀ nígbà tí oyún ti dàgbà tàbí lẹ́yìn ìbímọ. Ìtọ́jú kan náà ni kí wọ́n gbà.

Bí ó bá bímọ tán, ẹ má rò pé ó parí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó tẹ̀ lé e ṣì léwu, pàápàá fún ẹ̀jẹ̀ dídì. Kò tún pọn dandan kí wọ́n torí SS nìkan ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Púpọ̀ wọn lè bí fúnra wọn.

Èyí tó kù wà lọ́wọ́ wa. Ẹbí tó yẹ kó sáré wá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ jìnnà sí wa, ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ fi pinnu pé a ó ní ìwé orúkọ àwọn tó lè fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú irú ẹ̀jẹ̀ kálukú àti nọ́ńbà fóònù. Ọmọbìnrin tí mo sọ yìí jẹ́ O. Àwa mẹ́jọ péré la ti forúkọ sílẹ̀, mẹ́ta nínú wa ló jẹ́ O. Akọ̀wé yóò jókòó pẹ̀lú ìwé náà lẹ́yìn ìpàdé Sunday tó ń bọ̀, kí ẹ mú èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yín dání.